Mo yí nọ́ńbà fóònù padà lórí ìkànnì mi, àtijọ́ làwọn èèyàn ṣì ń pè

Ìbéèrè:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Aṣọ ni mò ń rán, mo sì ní ìkànnì kékeré kan tí ẹnì kan bá mi ṣe lórí WordPress. Mo pààrọ̀ nọ́ńbà lóṣù tó kọjá. Mo wọlé síbẹ̀, mo pa ti àtijọ́ rẹ́, mo kọ tuntun, mo fi pamọ́. Tí mo bá wo ojú ìwé náà, tuntun ni mò ń rí. Àfi bí oníbàárà kan ṣe sọ fún mi lánàá pé ẹ̀ẹ̀mẹta lòun ti pè mí látorí ìkànnì yẹn, ẹlòmíì ló ń gbé e. Ó dùn mí gan-an, torí mi ò mọ iye àwọn tó ti pè tí wọn ò rí mi bá sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mi ò ṣe?

Ẹ̀gbọ́n kan:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ibi méjì ni nọ́ńbà yẹn wà. Ọ̀kan ni èyí tójú ń rí, èkejì wà lábẹ́ rẹ̀, òun sì ni fóònù ń pè tí èèyàn bá fọwọ́ kàn án. Tòkè lo yí padà. Níbi tí o ti ń ṣàtúnṣe, tẹ nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kan, àpótí lìǹkì kékeré kan á yọ. Wàá rí tel: níbẹ̀, nọ́ńbà àtijọ́ á sì tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni kó o tún ṣe. Fi àmì + àti kóòdù orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, má fi àlàfo sí i. Àwa tá a wà lẹ́yìn odi, oníbàárà wa lè wà lórílẹ̀-èdè mìíràn. Bí ímeèlì náà ṣe rí nìyẹn, mailto: ni tiẹ̀. Tó o bá ṣe tán, gbé fóònù, fọwọ́ kan nọ́ńbà náà fúnra rẹ, kó o wo èyí tó máa jáde.

Ẹlòmíràn:
Ẹ tún yẹ ìsàlẹ̀ ìkànnì náà wò, apá tó ń hàn lórí gbogbo ojú ìwé. Kì í sí nínú ojú ìwé tí ẹ ṣí yẹn rárá. Appearance nínú mẹ́nù WordPress lẹ máa gbà débẹ̀: Editor fún àwọn theme (ohun tó ń pinnu bí ìkànnì ṣe rí) tuntun, Widgets fáwọn ti tẹ́lẹ̀. Tí iṣẹ́ yín bá sì wà lórí Google Maps, ẹ yí nọ́ńbà ibẹ̀ padà lọ́tọ̀.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á bù kún yín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí, nọ́ńbà àtijọ́ jókòó síbẹ̀! Ti ìsàlẹ̀ náà, mo ti tún un ṣe. Ní báyìí, mo fẹ́ yí orúkọ ojú ìwé iṣẹ́ mi padà, àti àdírẹ́sì rẹ̀, kí wọ́n bára mu. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sínú Word ni mo fẹ́ gbé síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan:
Àkọlé, yí i bó o ṣe fẹ́. Àdírẹ́sì ni mo bẹ̀ ọ́ pé kó o fi sílẹ̀. Gbogbo ibi tó o ti fi lìǹkì yẹn ránṣẹ́, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lè bá 404 pàdé, ìyẹn àmì pé ojú ìwé náà ò sí níbẹ̀ mọ́. WordPress máa ń darí èèyàn láti àdírẹ́sì àtijọ́ lọ sí tuntun fún àwọn àpilẹ̀kọ tó jẹ́ post, ṣùgbọ́n kì í ṣe é fún page (ojú ìwé tó dá dúró), page sì ni tìrẹ. Tó bá di dandan, fi ìdarí 301, èyí tó ń gbé èèyàn láti àdírẹ́sì àtijọ́ lọ sí tuntun, sí i lọ́jọ́ kan náà. Plugin (àfikún ètò fún WordPress) tó ń jẹ́ Redirection lè bá ọ ṣe é.

Ti Word, Ctrl+Shift+V ni kó o fi lẹ̀ ẹ́, kó má baà gbé àwọ̀ àti ìwọ̀n lẹ́tà Word wọlé. Tí nǹkan bá dàrú, wá Revisions lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé náà, kó o dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ẹlòmíràn:
Tẹ́ ẹ bá fi pamọ́ tí ẹ ò rí àyípadà, ẹ fi fèrèsé incognito (èyí tí kì í lo ohun tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín ti fi pamọ́ tẹ́lẹ̀) ṣí i kẹ́ ẹ tó tún un kọ. Tí ti àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ nu cache ìkànnì náà nù, ìyẹn ẹ̀dà àtijọ́ tó fi pamọ́.