Bí fídíò bá ń kọ́ ọmọ nílé, kí ni tíṣà yóò máa ṣe ní kíláàsì?

Tíṣà Olómi:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè kan wà lọ́kàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ Praimárì Márùn-ún ní iléèwé aládàáni kékeré kan lọ́nà Olómi, n'Íbàdàn níbí. Iléèwé ẹlẹ́sìn ni. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago kan, ìwé ni. Láti aago kan ààbọ̀ sí mẹ́rin, kéú ni. Tíṣà tiwa wà lọ́tọ̀, ààfáà wà lọ́tọ̀, Alhaja tó ni iléèwé ló sì ń san owó oṣù ọwọ́ méjèèjì. 28,000 náírà ni owó iléèwé ní táàmù kan, àwọn òbí mìíràn sì ń mú un wá ní ẹgbẹ̀rún méjì-méjì.

Lóṣù tó kọjá ni Alhaja ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì. Ọmọ wọn tó wà lókè òkun ló sọ fún wọn pé ohun tó ń ṣe wá ń ṣe àwọn Júù ní Amẹ́ríkà: iléèwé tí ọmọ ti ń kọ́ Hébérù àti Tórà, ìwé mímọ́ wọn, tó tún ń kọ́ ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, oríṣi tíṣà méjì, owó tó ń mú òbí làágùn. Ó ní àwọn kan nínú wọn ti gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà lé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lórí kí owó iléèwé lè wálẹ̀. Alhaja wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ náà máa ṣe fídíò kí àwọn ọmọ máa wò ó nílé. Tó bá ti mọ́ wọn lára, a ó pa Praimárì Márùn-ún pọ̀ mọ́ Ẹ̀fà, wàá dá a kọ́." Owó oṣù mi ò tó 70,000 náírà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024 o. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

Mo lọ wádìí rẹ̀. "Flipped classroom" lorúkọ tí wọ́n ń pè é. Tíṣà kẹ́mísírì méjì, Jonathan Bergmann àti Aaron Sams, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń sọ, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Woodland Park, ní Colorado. Lọ́dún 2007, àwọn ọmọ wọn máa ń pàdánù kíláàsì nítorí eré ìdárayá tí wọ́n ń rìnrìn àjò lọ ṣe, ni àwọn tíṣà yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹ̀kọ́ sílẹ̀ dè wọ́n. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti gbòòrò. Kí ọmọ gbọ́ àlàyé nílé, kó wá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ní kíláàsì, lójú tíṣà, níbi tí ẹni tó lè tọ́ ọ sọ́nà wà. Bí ẹni yí inú agbádá sóde ni.

Kí n má purọ́, ó wọ̀ mí lójú. Mo gbé fóònù mi lé orí ìwé mẹ́ta, mo ra búrẹ́dì onígun mẹ́rin kan, mo gé e sí mẹ́rin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fráṣọ̀n. (Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ká a. Àwọn ọmọ tèmi ti jẹ mẹ́ta nínú mẹ́rin kí n tó dé orí ẹlẹ́ẹ̀kejì.) Ìṣẹ́jú méje ni gbogbo rẹ̀. Mo sọ ọ́ sórí WhatsApp àwọn òbí lálẹ́ Sọ́ńdè.

Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà ní kíláàsì mi. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mọ́kànlá ló ti wò ó. Ọmọ kan ní dátà màmá òun ti tán. Ti ẹnìkan, fóònù kan ṣoṣo ló wà nílé, ó sì ń bá màmá lọ sọ́jà Òjé láti àárọ̀, kì í padà wálé kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí ọmọ ti sùn tàbí tí bátìrì ti kú. Àwọn méjì ní àwọn wò ó. Mo bi wọ́n pé kí ni mo gé, wọ́n ní ọsàn. Mo wá di ẹni tó ń tún gbogbo ẹ̀kọ́ ṣe fún ogún ọmọ, tí mọ́kànlá tó ti gbọ́ jókòó tí wọ́n ń fi rúlà gbá ara wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ohun tí kò jẹ́ kí n jáwọ́ ni ọmọkùnrin kan tó ń kólòlò. Láti ọdún tó ti wà níwájú mi, kò nawọ́ sókè rí pé kí n tún nǹkan sọ. Màmá rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà ló wo fídíò búrẹ́dì yẹn lálẹ́ ọjọ́ kan, tó ń dá a dúró, tó ń dá a padà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ Túsìdeè ó gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ọmọ tó máa ń gba mẹ́ta!

Ẹ̀yin tíṣà àtẹ̀yin òbí, ṣé kí n máa bá a lọ ni àbí kí n padà sídìí ṣọ́ọ̀kì mi? Àwọn tó ṣe é tó yọrí, kí ni wọ́n ṣe fún ọmọ tí kò rí fóònù lò?

Ìyá Aláta Bódìjà:

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfẹ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ jáde.

Iléèwé ọmọ tèmi náà ń ṣe é. Alaalẹ́ ni fídíò ń wọlé. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 tí wọ́n ti gba àwọn oní-nẹ́tíwọ̀kì láyè láti fi tó ìdajì lé owó wọn, dátà tí mo ń fi lo ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́lẹ̀ kì í pé ọjọ́ mẹ́jọ mọ́. Ẹnikẹ́ni nínú iléèwé náà ò sì bi mí pé ta ló ń ra dátà. Alhaja yín ní owó ń dínkù. Owó kankan ò dínkù o, ẹ kàn gbé e kúrò lórí igbá tiwọn, ẹ gbé e sórí igbá ata mi ni.

Tí ọmọ bá sì ti gba fóònù báyìí pé òun fẹ́ wo iṣẹ́ tíṣà, kí n tó gbọn ata tán, ó ti wà lórí àwọn tó ń fi omi jà ní TikTok.

Ọ̀kan wà ṣá tí mi ò lè sẹ́. Èmi ò ka ìwé kọjá Praimárì Mẹ́rin. Lọ́jọ́ kan mo jókòó ti ọmọ, a jọ wo ìpín gígùn. Ọlọ́run ni mo fi ṣẹ̀rí, mo gbọ́ ọ yé. Àṣé bí wọ́n ṣe ń sọ nọ́ńbà kalẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, mo fi pín owó àjọ láàárín èèyàn mẹ́tàlá láìlo fóònù. Ẹ bá mi wá ọ̀nà tí mi ò fi ní máa ra dátà, mo ti wà lẹ́yìn yín.

Ọmọ Ìdí-Arẹ́rẹ́ (New Jersey):

Bọ̀ọ̀dá Tíṣà, ẹ kú làálàá. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ìyàwó mi ti ń ṣe olùrànlọ́wọ́ tíṣà ní iléèwé Júù kan níbí, nítorí náà mo gbọ́ púpọ̀ lórí oúnjẹ alẹ́. Ọmọ Alhaja ò purọ́, àmọ́ ó fo ibì kan.

Owó níbí ga. Ní agbègbè wa, kí iléèwé bẹ́ẹ̀ gba 15,000 dọ́là lórí ọmọ kan lọ́dún ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ìdílé kan sì lè ní ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Lọ́dún 2012 ni wọ́n ṣí Yeshivat He'Atid ní Bergenfield, tí owó rẹ̀ kò tó 9,000 dọ́là nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà wà nínú ètò rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò rèé: wọn ò gbé fídíò lé ọmọ lọ́wọ́ kó máa lọ sílé. Inú kíláàsì ni kọ̀ǹpútà wà. Wọn á pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ kan wà nídìí kọ̀ǹpútà, ọ̀wọ́ kan yí tíṣà ká, ọ̀wọ́ kan ń kọ̀wé, tó bá yá wọ́n á gbara wọn níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń sọ fún tíṣà pé lágbájá ti ṣi ìbéèrè kẹrin lẹ́ẹ̀mẹta, òun ni kó kọ́kọ́ pè. Bí wọ́n ṣe ń dín owó kù ni pé kíláàsì lè tóbi díẹ̀ láìjẹ́ pé ọmọ sọnù sínú èrò. Tíṣà ò kúrò níbẹ̀ o. Ìyàwó mi ní tíṣà tó dáńgájíá gan-an ló lè darí ọ̀wọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan.

Iṣẹ́ fídíò ilé pàápàá ní ìṣòro tirẹ̀ láàárín wọn. Láti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé títí di alẹ́ Sátidé, Sábáàtì ni, ẹni tó ń pa á mọ́ kì í tan fóònù, nítorí náà ẹ ò lè fún un ní fídíò wò lásìkò yẹn. Àwọn tó le jù nínú ẹ̀sìn náà kò tilẹ̀ fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé. Ọdún 2012 kan náà yẹn, ní oṣù karùn-ún, nǹkan bí 40,000 ọkùnrin ló kún pápá ìṣeré Citi Field ní New York láti sọ̀rọ̀ lórí ewu íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ Ìyá Aláta nípa TikTok kì í ṣe ti Bódìjà nìkan.

Ohun kan tó máa ń dùn mọ́ mi: tó bá di ìwé òfin wọn, Gemara, ọmọ méjì á jókòó kojú ara wọn lórí ìwé kan náà, wọ́n á máa kà, wọ́n á máa jiyàn, ariwo á gba yàrá. Chavruta ni wọ́n ń pè é. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ariwo yẹn, ilé-kéú Ìdí-Arẹ́rẹ́ ló wá sí mi lọ́kàn. Kò sí ẹni tó ń gbìyànjú láti fi fídíò rọ́pò ìyẹn níbi tí ìyàwó mi wà.

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìntì:

Ọmọ mi, mo kí ọ. Ìwọ ń pè é ní tuntun, àwa ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn yìí, ẹ̀kọ́ sì wà lára ìdí tí ìjọba Awólọ́wọ̀ fi náwó lé e. Ọdún mẹ́rin péré ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 ṣẹ̀ṣẹ̀ pé. Ọmọ pọ̀, tíṣà ò tó. Alhaja rẹ ni kó bá àwọn baba wa tò sẹ́yìn.

Mo fẹ́ bi ọ́: èdè wo lo fi ṣe fídíò búrẹ́dì yẹn? Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo ti mọ ìdí tí ọmọ fi pe búrẹ́dì ní ọsàn. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà, wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ praimárì ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ yẹn ò kẹ́yìn, wọ́n ta ẹgbẹ́ wọn yọ. Bí o bá fi Yorùbá ṣe é, ìyá ọmọ á lè jókòó tì í, bí Ìyá Aláta ti ṣe.

Tíṣà Olómi:

Ẹ ṣé gan-an ni. Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni, Gẹ̀ẹ́sì ìwé pàápàá.

Mo ti gbìyànjú nǹkan kan lọ́sẹ̀ yìí. Tẹlifíṣọ̀n kan wà ní ọ́fíìsì Alhaja tí wọ́n fi ń wo Mẹ́kà lásìkò Haji. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbé e fún mi. Mo tún fídíò náà ká lédè Yorùbá, mo sọ ọ́ sórí flash, mo pín kíláàsì sí méjì. Mẹ́rìndínlógún ń wò ó lápá kan, wọ́n ń dáhùn ìbéèrè márùn-ún sínú ìwé wọn. Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù fa àga wọn sún mọ́ tábìlì mi. Ẹ̀yin èèyàn, mi ò tíì rí ojú ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nítòsí bẹ́ẹ̀ yẹn rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo rí i pé ọmọbìnrin kan tí mo rò pé ó mọ fráṣọ̀n ń da nọ́ńbà òkè pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó kàn máa ń wo ìwé ẹni tó jókòó tì í ni.

Iná ọba lọ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin. Jẹnẹrétọ̀ ò ní epo. Mo ní kí àwọn oní-tẹlifíṣọ̀n kojú ara wọn ní méjì-méjì kí wọ́n jọ jiyàn ìbéèrè náà, bí àwọn Júù Ọmọ Ìdí-Arẹ́rẹ́. Ààfáà yọjú láti kíláàsì kejì pé ta ló kú.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́ mẹ́ta àti tíṣà tó dáńgájíá fún Alhaja. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n ní ká fi pípa kíláàsì pọ̀ sílẹ̀ títí di táàmù tó ń bọ̀. Wọn ò mẹ́nu ba owó oṣù. Èmi náà ò tíì ní ìgboyà láti mẹ́nu bà á.

Ti ọmọ tó ń kólòlò ni mo ń rò, torí ó fẹ́ wo tirẹ̀ nílé, òun nìkan, láìsí ojú ẹnikẹ́ni. Mo ra káàdì mẹ́mórì mẹ́rin ní Queen Cinema, mo kó fídíò sínú wọn. Ọmọ tó bá nílò rẹ̀ á gbà á lọ ní Fúráìdé, á dá a padà ní Mọ́ńdè bí ìwé láíbùrárì, kò sí dátà níbẹ̀.

Ìyá Aláta, ìpín gígùn ti wà lórí ọ̀kan nínú wọn. Mò ń bọ̀ wá ra ata ní Bódìjà lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ sọ ibi tí ìsọ̀ yín wà fún mi, kí ẹ sì fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà dín an fún mi.

Ìyá Aláta Bódìjà:

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kẹ̀! Igba ni mo lè dín. Ẹ mú káàdì náà wá ná.