Kí ló dé tí òkúta ṣọ́ọ̀ṣì King's College, Cambridge, fi ní àwọ̀ méjì?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o. Àná ni ọmọ mi mú mi lọ síbẹ̀. Mo fọwọ́ kan ògiri níta: òkúta ìsàlẹ̀ funfun, ti òkè ṣú díẹ̀ bí iṣu bíbó tó pẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Ṣé owó ló tán lọ́wọ́ wọn ni?

Bíríkìlà: Màmá, ogun ni. Ọba Henry Kẹfà dá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sílẹ̀ ní 1441, wọ́n fi ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ ní 1446. Yorkshire, ní àríwá England, ni wọ́n ti ń kó òkúta funfun yẹn wá. Ní 1461 wọ́n yọ ọba nípò nínú ogun abẹ́lé, iṣẹ́ bá ń falẹ̀. Henry Keje ló fowó ńlá sí i ní 1508. Òkúta ibòmíràn ni wọ́n fi parí ẹ̀.

Àdùkẹ́: Àjà ńkọ́? Òkúta gidi ni o, ó nà bí abẹ̀bẹ̀. John Wastell kọ́ ọ láàárín 1512 sí 1515. Ọrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ kán mi níbi tí mo ti ń wò ó!

Ìyá Ìbejì: Háà, èmi rò pé igi ni! Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, ìjókòó ni mò ń wá kiri.