Ọmọ odídẹ tí oúnjẹ gbígbóná jó lọ́fun

Ọmọ méjì ni odídẹ mi pa. Wọ́n pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tán ni ìyá wọn kọ̀ wọ́n. Mo yọjú sínú àpótí ìtẹ́ wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan, n kò gbọ́ igbe. Mo fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n tutù. Àpò ọ̀fun wọn, níbi tí oúnjẹ máa ń kó sí kó tó dénú, ti sọ̀ pelebe.

Mo ti ń po oúnjẹ lọ kí dókítà ẹran tí mo pè tó dá mi dúró. Wọ́n ní oúnjẹ kì í dà lára ọmọ ẹyẹ tó bá tutù, ńṣe ló máa kan mọ́ ọn lọ́fun. Mo bá tẹ́ aṣọ sínú páálí, mo fi ìgò omi gbígbóná tí mo wé láṣọ tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, títí inú páálí fi gbóná tó 30°C. Ìgbà tí ara wọn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n tó lanu. Ọlọ́run ló mọ bí inú mi ṣe dùn tó.

Apá òsì ẹnu ẹyẹ ni kí ẹ ti ki síríńjì bọ̀ ọ́, kí ẹ dojú rẹ̀ kọ apá ọ̀tún, nítorí ọ̀tún ni ọ̀nà oúnjẹ wà. Ìdí ahọ́n gan-an ni ihò èémí. Ẹ dúró dìgbà tó bá ń mi orí sókè sódò kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bó bá ṣíwọ́, ẹ̀yin náà ẹ ṣíwọ́. Oúnjẹ tó bá gba ọ̀nà èémí lè pa á lójú ẹsẹ̀.

Síríńjì kọ́ ló kó bá mi o, ìgbóná oúnjẹ ni. 39°C sí 40°C ni mo fi ń bọ́ wọn. Lóru ọjọ́ kan, oorun ń kùn mí, mo gbé oúnjẹ sínú microwave, mi ò pò ó dáadáa. Mo fìka kan etí abọ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àárín rẹ̀ ni iná wà. Àbúrò nínú ọmọ ẹyẹ méjèèjì ló kọ́kọ́ gbé e mì. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo rí ojú pupa kan níwájú ọ̀fun rẹ̀, kò ju èékánná ọmọdé lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹjọ, ó ti sé èépá, oúnjẹ sì ń jò lábẹ́ rẹ̀. Mo sunkún. Dókítà ní ká ṣe sùúrù kí ibi tó ti kú fara hàn tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé e kúrò, wọ́n rán àpò oúnjẹ lọ́tọ̀, wọ́n rán awọ lọ́tọ̀.

Láti ìgbà náà, inú omi gbígbóná ni mo ń gbé abọ́ oúnjẹ sí, òṣùwọ̀n ìgbóná kì í sì í kúrò nínú rẹ̀. Láràárọ̀, kí wọ́n tó jẹun, mo máa ń wọ̀n wọ́n, mo sì máa ń fìka tẹ àpò ọ̀fun wọn wò. Bí oúnjẹ àná bá ṣì wà níbẹ̀, n kì í da tuntun lé e, dókítà ni mo ń pè.

Ẹ̀gbọ́n já lẹ́nu síríńjì ní ọ̀sẹ̀ 14. Àbúrò di ọ̀sẹ̀ 18, n kò kán an lójú. Ìkó pupa ti yọ nídìí rẹ̀ kí egbò náà tó jiná. Ìyẹ́ kò hù dáadáa lójú ọgbẹ́ náà títí dòní. Bó bá tẹ orí ba fún mi, ibẹ̀ gan-an ló máa ń fẹ́ kí n bá òun họ.