Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ fọ́tò wò, báwo lẹ ṣe ń mọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti yà á?

Arìnká:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la máa ń fi fọ́tò dán ara wa wò, á fi fọ́tò ibì kan ránṣẹ́, èmi á sọ orílẹ̀-èdè tó jẹ́, gbogbo ìgbà ló sì ń borí mi. Èyí tó fi ránṣẹ́ lánàá ò jẹ́ n sùn. Títì ọ̀dà gbọọrọ ni, ọwọ́ òsì lọkọ̀ ń gbà, ilẹ̀ ẹ̀bá títì pọ́n, igi eucalyptus gíga gíga tò lọ lápá ọ̀tún lápá òsì, èèpo ara wọn ń bó. Kò sí pátákó, kò sílé, kò séèyàn, àfi ọkọ̀ méjì, ọ̀kan ń bọ̀, ọ̀kan ń lọ. Mo ní Australia ni, torí ibẹ̀ nigi yẹn ti wá, ọwọ́ òsì náà sì ni wọ́n ń gbà. Ó ní rárá. Mo ní New Zealand, ó tún ní rárá. Kí ni mò ń gbójú fò? Ẹ má kàn dárúkọ ibẹ̀ fún mi o, bí ẹ ṣe ń rò ó ni mo fẹ́ mọ̀.

Ojúlalákàn:
Igi yẹn ló ṣì yín lọ́nà. Òótọ́ ni, Australia ló ti wá, àmọ́ wọ́n ti gbìn ín káàkiri, ó wà ní Brazil, Uruguay, Portugal, Spain, Ethiopia, South Africa, wọ́n ń gé e fún pákó àti bébà. Bó bá tò gbọọrọ bíi pé wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n, wọ́n gbìn ín ni. Èmi kì í fi igi tàbí ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀. Nǹkan tí ìjọba ibẹ̀ ṣe sójú títì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, ìlà tí wọ́n fà, òpó iná, nọ́ńbà ọkọ̀. Ẹ dákun, ìlà etí títì yẹn, àwọ̀ wo ni? Kì í ṣe ti àárín o.

Arìnká:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà lọ wò ó ni. Ti àárín funfun, ó ń gé. Ti etí yẹ́lò, kò gé rárá. N ò tiẹ̀ kà á sí tẹ́lẹ̀!

Ojúlalákàn:
Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀ nìyẹn. Ní Australia, funfun ni ti etí. Tẹ́ ẹ bá rí ọwọ́ òsì, yẹ́lò létí, funfun láàárín, ìsàlẹ̀ Áfíríkà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ: South Africa, Namibia, Botswana, Lesotho, Eswatini. Ireland náà ń gba ọwọ́ òsì, ó sì ní yẹ́lò létí, àmọ́ lójú títì kéékèèké tiwọn ó sábà máa ń gé, ilẹ̀ pupa yín yẹn ò sì jọ tibẹ̀. Ó wá ku nọ́ńbà ọkọ̀. Tó bá jẹ́ yẹ́lò níwájú lẹ́yìn, Namibia ni. Tó bá funfun níwájú tó jẹ́ yẹ́lò lẹ́yìn, Botswana. Ẹ wo ọkọ̀ méjèèjì yẹn dáadáa.

Atọpasẹ̀:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ohun tí ẹ̀gbọ́n Ojúlalákàn sọ dáa, àmọ́ tí ìwé bá wà nínú fọ́tò, ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà, kódà tẹ́ ẹ ò gbọ́ èdè ọ̀hún. Lẹ́tà kan ṣoṣo lè tó. Ł, Poland ni. Þ, Iceland. Ř, Czech. Tó bá jọ ti Rọ́ṣíà àmọ́ tẹ́ ẹ rí ї, Ukraine ni, Rọ́ṣíà ò ní in. Pátákó tó ń dá ọkọ̀ dúró náà ń sọ̀rọ̀: ní Brazil PARE ló wà níbẹ̀, ní Mẹ́síkò ALTO, ní Spain STOP, bó tiẹ̀ jẹ́ pé èdè kan náà ni Spain àti Mẹ́síkò ń sọ.
Ẹ má gbàgbé oòrùn náà. Tẹ́ ẹ bá jìnnà sí agbedeméjì ayé lápá gúúsù, apá àríwá loòrùn ọ̀sán máa ń wà. GeoGuessr, eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń fi fọ́tò títì mọ ibi tó wà, tó jáde lọ́dún 2013, ní kọ́ńpáàsì, èyí ló jẹ́ kó rọrùn níbẹ̀, torí nínú fọ́tò lásán ẹ ò mọ ibi tí àríwá wà. Àmọ́ abọ́ sátẹ́láìtì orí òrùlé lè fi hàn yín, apá agbedeméjì ayé ló sábà máa ń dojú kọ.

Arìnká:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin méjèèjì. Nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń bọ̀ funfun, ti èyí tó ń lọ náà funfun. Mo yọ Namibia, mo yọ Botswana, ó ku mẹ́ta. Mo wá ro ti igi tí wọ́n gbìn lọ súà yẹn, mo ní South Africa, mo fi Eswatini ṣèkejì. Ọ̀rẹ́ mi ní South Africa ni, ní ìpínlẹ̀ Mpumalanga, kò tiẹ̀ jìnnà sí bọ́dà Eswatini! Inú mi dùn débi pé mo tún padà lọ wo gbogbo fọ́tò tó ti fi borí mi tẹ́lẹ̀, mo sì ti rí ìlà yẹ́lò nínú méjì.

Ojúlalákàn:
Ẹ kú oríire. Ẹ fi méjèèjì ránṣẹ́ síbí, ẹ sọ ti àárín fún wa.