Ẹ bá mi wá ibi tẹ́rápí ọmọ ọ́tísíìmù tó dáa, kíákíá

Ìyá Fẹ̀ránmi: Ẹ jọ̀ọ́, ibo ló dáa fún ABA, tẹ́rápí tó ń kọ́ ọmọ ní ìwà àti ìṣesí? Wọ́n ní kí n sanwó lọ́la. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ẹ dákun!

Bàbá Dára: Ìyá Fẹ̀ránmi, ẹ ò sọ àdúgbò yín. Ṣé ó ń sọ̀rọ̀? Dókítà wo ló yẹ̀ ẹ́ wò? Bí kò bá sí, ẹ lọ LASUTH, ilé ìwòsàn ìjọba Èkó n'Íkẹjà, tàbí ẹ̀ka ọmọdé Yaba Left (ilé ìwòsàn ọpọlọ) tó wà l'Óṣòdì. Ẹ má jẹ́ kórúkọ yẹn bà yín lẹ́rù. Kí wọ́n yẹ etí ẹ̀ wò pẹ̀lú. Ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa náà kì í dáhùn bí wọ́n bá pè é.

Sístà Ṣọlá: Ẹ má san kọ́bọ̀! Ibì kan ní Sùúrùlérè gba owó táàmù odindi lọ́wọ́ wa, wọn ò kọ nǹkan kan sílẹ̀, wọ́n wá ń di ọmọ mọ́ àga. Ibi tí wọn ò bá ti jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé wò wọ́n, ẹ sá.

Wálé Ògbà: Sùúrùlérè ibo?

Sístà Ṣọlá: Mi ò ní sọ níbí.

Wálé Ògbà: Ẹ dẹ́rù bà wá, ẹ wá panu mọ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń de ọmọ mọ́ àga o.

Ìyá Ìbejì: Ṣé ẹ ti dá mílíìkì àti búrẹ́dì dúró?

Wálé Ògbà: Ìyá Ìbejì, ta ló béèrè oúnjẹ?

Tẹ́rápí Lójúlé: Ẹ bi wọ́n pé ta ni BCBA, ìyẹn ọ̀gá tó gbàwé ẹ̀rí ABA, tó ń darí àwọn àǹtí tó ń kọ́ ọmọ. Orúkọ ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìkànnì BACB, àjọ Amẹ́ríkà tó ń fúnni níwèé ẹ̀rí yẹn, ẹ fúnra yín wò ó. Láti January 2023 ni àjọ yẹn ò ti gba ìforúkọsílẹ̀ tuntun láti Nàìjíríà mọ́, torí náà ẹni tó bá ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á l'Ékòó, ẹ bi í dáadáa. Ẹ̀kọ́ wákàtí 40 ni ti RBT, ìyẹn àǹtí tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ BCBA. Kò tó kó máa dá ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó ń wò ó. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n ń kọ ìṣesí ọmọ sí hàn yín: bí àpẹẹrẹ, kí ló ṣẹlẹ̀ kọ́mọ tó gé èèyàn jẹ, kí ló tẹ̀ lé e? Bí wọ́n bá kó iṣẹ́ kúrò níwájú ẹ̀ torí pé ó géni jẹ, wọ́n ti kọ́ ọ pé eyín ló ń gbani. Káàdì ni kí wọ́n kọ́ ọ láti fi tọrọ ìsinmi. Ẹni tó bá ṣèlérí ìwòsàn, ẹ má dá a lóhùn.

Ìyá Fẹ̀ránmi: Ẹ ṣé gan-an. Ìyànà-Ìpájà ni wá. Mo ti sanwó síbi tó wà lẹ́yìn ilé wa. Mi ò lè máa wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lójoojúmọ́.

Bàbá Dára: Ẹ gba rìsíìtì o.

Sístà Ṣọlá: Wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé wò wọ́n?

Ìyá Fẹ̀ránmi: Wọ́n ní Jímọ̀ nìkan.