Kí ló dé tí ọ̀gá wa ò fẹ́ gbọ́ nípa open source?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ wa, ọdọọdún la sì ń san owó láísẹ́ǹsì, ti Word àti Excel lọ́tọ̀, ti database, ibi tá à ń kó àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wa pa mọ́ sí, lọ́tọ̀. Mo kọ̀wé sọ́gàá pé ká máa lo LibreOffice dípò Word àti Excel, ká sì máa lo PostgreSQL fún database, torí open source ni wọ́n, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tẹ́nikẹ́ni lè rí kóòdù ẹ̀ kó sì lò ó, kò sówó láísẹ́ǹsì níbẹ̀ rárá, wọ́n ní ohun tí gbogbo ayé ń lò làwọn fẹ́. Ó dùn mí gan-an, iṣẹ́ tá à ń ṣe ò ju agbára àwọn méjèèjì lọ. Báwo ni kí n ṣe bá wọn sọ ọ́?

Èsì 1: Àbúrò, ẹni tí wọ́n máa dì mú ni wọ́n ń sanwó fún. Tí nǹkan bá dẹnu kọlẹ̀ lóru, wọ́n fẹ́ nọ́ńbà tí wọ́n lè pè àti àdéhùn tẹ́nì kan ti fọwọ́ sí. Tó bá jẹ́ LibreOffice, ìwọ ni wọ́n máa pè, tó o bá wá fiṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́?

Èsì 2: Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni, àmọ́ èèyàn lè sanwó support, ìyẹn ìrànlọ́wọ́ tí nǹkan bá bà jẹ́, fún open source náà, iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ Red Hat ń ṣe nìyẹn tí IBM fi rà wọ́n ní bílíọ̀nù 34 dọ́là lọ́dún 2019. Èmi rò pé fáìlì ló dè wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn ará akáǹtì á ti kó macro, ìyẹn àwọn àṣẹ tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀, jọ sínú Excel láti ọdún gbọ́nhan, ẹni tó kọ òmíì gan-an ti lọ, tẹ́ ẹ bá wá ṣí i nínú LibreOffice, òmíì á ṣiṣẹ́, òmíì ò ní ṣiṣẹ́, kọ́sítọ́mà náà á tún fi fáìlì Word (docx) ránṣẹ́, tábìlì inú ẹ̀ á yẹ̀ kúrò láyè ẹ̀. Òṣìṣẹ́ tuntun sì ti mọ Excel kó tó dé.

Èsì 3: Ìjọba ìlú Munich ní Jámánì pinnu lọ́dún 2003 pé Linux, ètò open source tí wọ́n ń lò dípò Windows, làwọn máa lò, nígbà tó di 2017 ìgbìmọ̀ wọn tún dìbò pé kí wọ́n padà sí Windows. Àmọ́ Gendarmerie, àwọn ọlọ́pàá tó jẹ́ ológun nílẹ̀ Faransé, ṣe é, ó dúró. OpenOffice tó jọ LibreOffice àti Firefox tí wọ́n fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí Windows tí wọ́n ní, ìgbà tó mọ́ àwọn èèyàn lára tán ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí Ubuntu, ìyẹn oríṣi Linux kan, lọ́dún 2008. Ẹ má fọwọ́ kan Excel ẹnikẹ́ni báyìí. Iṣẹ́ tuntun tí ò tíì ní database ni kẹ́ ẹ gbé sórí PostgreSQL, kí ti àtijọ́ ṣì wà níbi tó wà. Kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí wọ́n máa pè tẹ́ ò bá sí nílé sínú ìwé tẹ́ ẹ máa kọ sọ́gàá.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Màá lọ bá àwọn ará akáǹtì kí n mọ iye macro tó wà nílẹ̀, lẹ́yìn náà ni màá tún ìwé kọ, ti database nìkan ló máa wà níbẹ̀.

Èsì 1: Béèrè ọjọ́ tí àdéhùn database yẹn máa parí o. Tí wọ́n bá ti sanwó ọdún tó ń bọ̀ tán, wọn ò ní dá ẹ lóhùn.