Ampilifáyà 5000 wáàtì: ẹ dákun, ṣé kí n dá a padà?

Ọmọ Ìsọ̀kùn, Houston
Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo ti sanwó ampilifáyà kan fún àbúrò mi ní Iléṣà, ó fẹ́ fi í sínú ọkọ̀ ìpolówó rẹ̀. 5000 wáàtì ni wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí, owó rẹ̀ ò sì tó igba dọ́là. Àárọ̀ ọ̀la ni ẹni tó ń bá wa kó ẹrù sínú kọ̀ǹténà ń bọ̀ wá gbé e. Àfi bí àbúrò mi ṣe pè lóru àná tó ní èyí tó wà nínú ọkọ̀ báyìí ń rùn bíi rọ́bà tó ń jóná, pé bí wúfà, sípíkà ńlá tó ń gbé ohùn tó rinlẹ̀ jáde, bá ti dún, iná iwájú ọkọ̀ á máa ṣẹ́jú. Ó wá sọ ọ́ bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan pé riwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ náà ṣe ti yọ fíúsì, ó fi wáyà dí ojú rẹ̀, torí pé fíúsì ń jó lójoojúmọ́. Oorun ò kùn mí mọ́. Ṣé kí n jẹ́ kí ẹrù yìí lọ ni, àbí kí n dá a padà lálẹ́ yìí? Wáyà wo ni kí n rà kún un?

Ẹ̀gbọ́n Chicago
Àbúrò, kọ́kọ́ pè é kó yọ wáyà yẹn kúrò lójú fíúsì. Ní báyìí o. Ká tó sọ ti ampilifáyà.

Ọmọ Ìsọ̀kùn, Houston
Mo ti ń pè é látàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Kò wọlé.

Bọ̀dá Lágere, London
5000 wáàtì tí kò tó igba dọ́là? Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí fíúsì wà. Mélòó ni, nọ́ńbà wo ló sì wà lórí wọn?

Ọmọ Ìsọ̀kùn, Houston
Méjì. 30 àti 30.

Bọ̀dá Lágere, London
Háà. 60 amp nìyẹn. Ẹ fi 13.8 volt tí mọ́tò ń mú wá tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀: 828 wáàtì péré ló lè gba ẹnu fíúsì yẹn wọlé. Class D, irú ampilifáyà tí kì í fi iná ṣòfò púpọ̀, tó dáa gan-an á ṣì sọ bí ìdá kan nínú márùn-ún di ooru, ó wá ku bí 660. Níbo ni 4000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tó kù ti fẹ́ wá? RMS, ìyẹn wáàtì tó lè máa gbé jáde láìdúró, ni kí ẹ máa bi wọ́n, ẹ má dá max tí wọ́n kọ gàdàgbà lóhùn. Bí ẹ bá rí CEA-2006 lára rẹ̀, ìyẹn àmì pé wọ́n tẹ̀ lé ìlànà kan fi wọn wáàtì rẹ̀, ọkàn á balẹ̀ díẹ̀, torí pé 14.4 volt àti 4 ohm (bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó) ni wọ́n fi wọn irú èyí, ohùn ò sì gbọdọ̀ dàrú ju 1% lọ.

Mi ò kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ Sátidé kan ni mo ra 2000 wáàtì lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tà á nínú búùtù mọ́tò. Nígbà tí mo délé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fíúsì, ẹyọ kan ni, 25. Owó tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí màmá mi lóṣù yẹn ló bá a lọ. Ó ṣì ń dùn mí.

Ìyá Ìbejì, Tòróńtò
Ti èmi, wáyà búlúù kékeré tó ń sọ fún ampilifáyà pé kó tàn ló ṣe mí léṣe. Ẹni tó bá mi so ó dípò kó mú un láti ara rédíò, ibi tí iná kì í kú ló so ó mọ́. Ni ampilifáyà ò bá sùn mọ́jú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, òtútù ti di -24, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó ń ṣe tíkì, tíkì, tíkì. Àwọn ìbejì wà lẹ́yìn, Kẹ́hìndé ń sunkún pé ọwọ́ ń ro òun. Mo sanwó fún ẹni tó wá jí mọ́tò, mo sanwó bátìrì tuntun, mo tún pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Títí di òní, tí mo bá pa mọ́tò, mo máa ń ṣí búùtù wò bóyá iná wínníwínní ara rẹ̀ ti kú kí n tó wọlé.

Ẹ̀gbọ́n Chicago
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti wáyà, torí ó bèèrè. Ọdún 11 ni mo fi ṣe riwáyà ní Iléṣà kí n tó rìn síbí, síbẹ̀ wáyà ìlú yìí ló tàn mí jẹ. Mo ra odidi páálí, pupa, ó ki bí àtàǹpàkò, wọ́n kọ 4 gauge sí i, ìyẹn bó ṣe ki tó. Mo tẹ́ ẹ láti iwájú dé búùtù, mo da kápẹ́ẹ̀tì bò ó. Kò pé oṣù méjì, mo fọwọ́ kan ilẹ̀ mọ́tò, ó ń móoru. Mo fà á yọ, mo fi ọ̀bẹ họ ọ̀kan nínú àwọn fọ́nrán inú rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n bíi bàbà, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré tí mo họ ọ́, funfun ló yọ. Alumíníọ́mù ni wọ́n fi bàbà kùn. CCA ni wọ́n ń pè é, wọ́n kọ ọ́ tíńtín sí ìsàlẹ̀ páálí, èmi ni mi ò wò ó. Bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún iná tí bàbà gidi ń gbé ni irú rẹ̀ ń gbé. OFC, ìyẹn bàbà gidi, ni kó o rà, àbúrò. Kí wáyà ilẹ̀ náà sì ki bákan náà, kó kúrú, kí wọ́n ha ọ̀dà kúrò lára irin títí irin á fi máa dán kí wọ́n tó dè é mọ́ ọn. Riwáyà ibí àti tilé, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fojú fò ó.

Ti iná tó ń ṣẹ́jú yẹn, alternator, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, ló ń ké. Ti mọ́tò kékeré kì í sábà ju 80 sí 100 amp lọ, mọ́tò fúnra rẹ̀ ń jẹ nínú ẹ̀. Kí ampilifáyà tó pọ 5000 gidi jáde, á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba 450 amp. Bátìrì wo ló fẹ́ gbé ìyẹn?

Ọmọ Ẹnuwá, Dublin
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o. Gbogbo yín lẹ ń bú riwáyà yẹn. Ẹni tí fíúsì ẹ̀ ń jó lójoojúmọ́ tó sì níṣẹ́ láago mẹ́jọ àárọ̀, kí ló fẹ́ ṣe? Tí riwáyà bá ní kó lọ ra wáyà bàbà olówó ńlá, oníbàárà á kàn sọdá sọ́dọ̀ riwáyà kejì ni. Ó fẹ́ kí ọmọ yẹn rí iṣẹ́ ṣe ni.

Ẹ̀gbọ́n Chicago
Mo mọ ohun tó ò ń sọ, mo ti wà níbẹ̀. Èmi náà ti fi wáyà dí ojú fíúsì fún oníbàárà rí, ní Òkè-Ẹ̀sà, nítorí ó ń kánjú lọ síbi òkú. Ọlọ́run ló yọ ọkùnrin yẹn. Wáyà fara kan irin lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí fíúsì tó máa já, ni wáyà bá pọ́n wáá láti ìdí bátìrì títí dé ẹ̀yìn. Èmi ni mo san gbogbo àga inú mọ́tò náà. Wáyà ni fíúsì ń ṣọ́, àbúrò mi. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì, kó má ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ.

Ọmọ Ẹnuwá, Dublin
Kó fi fíúsì tó tóbi sí i nígbà náà. 150.

Ẹ̀gbọ́n Chicago
Sórí 4 gauge? 100 ni temi.

Bọ̀dá Lágere, London
Tó bá jẹ́ bàbà gidi, 125 ò burú.

Ọmọ Ẹnuwá, Dublin
Tèmi 150 ni, ó ti pé ọdún 4, kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n Chicago
Wáyà tìẹ gùn tó wáyà ọkọ̀ ìpolówó ni? Má kọ́ ọmọ yẹn ní ohun tí á jó o.

Ọmọ Ìsọ̀kùn, Houston
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jà. Wúfà méjì ló ní, wọ́n kọ 2 ohm sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú méjì-méjì tí wọ́n ń so wáyà mọ́. Ṣé ìyẹn náà ní wàhálà nínú?

Bọ̀dá Lágere, London
Ó ní o! Tí wọ́n bá kó gbogbo ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, pọ́sítífù mọ́ pọ́sítífù, 0.5 ohm ló máa dà, ọ̀pọ̀ ampilifáyà ò sì lè gba ìsàlẹ̀ 1. Kí wọ́n fi ojú méjì inú wúfà kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé ara wọn, yóò di 4. Kí wọ́n wá kó wúfà méjèèjì pọ̀, yóò di 2. Ampilifáyà kẹta tí mo rà, 0.5 yìí ló pa á. Orin kan ò tíì parí. 450 pọ́n-ùn.

Ìyá Ìbejì, Tòróńtò
Àbí ẹ ò gbọ́ ohun tó kọ́kọ́ sọ ni? Ọkọ̀ ìpolówó ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí ará ìlú gbọ́. Kí ló fẹ́ fi wúfà méjì ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Chicago
Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run á bù kún ọ. Hóònù ni kó gbé sórí ọkọ̀, irú èyí tó wà lórí mọ́sálásí. Wáàtì kékeré ló ń jẹ, ọ̀rọ̀ á sì dé òpin àdúgbò. Téèyàn bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, 3 decibel péré ló fi ń ga sí i, etí ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ìsọ̀kùn, Houston
Ó ní tí kò bá sí wúfà, wọn ò ní pe òun síbi ìgbéyàwó.

Bọ̀dá Lágere, London
Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín, ẹ̀yin ọmọ Owá. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà lẹ máa ń kì ara yín pé Ìjẹ̀ṣà kì í rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Owá ti ń múná roko? Ẹ ti wá ń múná gun mọ́tò báyìí! 😂

Ìyá Ìbejì, Tòróńtò
😂😂 Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá látọ̀dọ̀ yín, ẹ bá wa sọ fún iná ìjọba kó mọ́ níbẹ̀ náà.

Ọmọ Ẹnuwá, Dublin
Ẹ má dá iná Ifẹ̀ sílẹ̀ fún mi o. Ó ti jẹ mí rí! Ẹ̀gbọ́n mi gbé ampilifáyà ilé wá láti New Jersey, 120 volt, ó ní kí n má fọwọ́ kàn án títí òun á fi dé. Mi ò gbọ́. Mo kì í bọ 230. Ó dún pàà, gbogbo pálọ̀ kún fún èéfín. Ọdún kan gbáko ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Nítorí náà, kí àǹtí ra step-down, ẹ̀rọ tó ń dín volt iná kù, mọ́ ọn.

Bọ̀dá Lágere, London
Rárá, ti mọ́tò ò gba step-down. Bátìrì mọ́tò Amẹ́ríkà àti ti Lágere, 12 volt ni wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Chicago
Àyàfi tó bá jẹ́ ọkọ̀ ńlá. Lọ́rí àti àwọn bọ́ọ̀sì gbọ̀ngbọ̀n, 24 ni tiwọn, bátìrì méjì ni wọ́n so pọ̀. Tí wọ́n bá gbé ti 12 lé e, ó ti kú nìyẹn. Àbúrò, irú ọkọ̀ wo ni?

Ọmọ Ìsọ̀kùn, Houston
Bọ́ọ̀sì ni mo mọ̀ pé ó ń pè é. Mi ò tíì fojú rí i. Ọdún 7 rèé tí mo ti délé.

Ìyá Ìbejì, Tòróńtò
Ọdún 7! Tèmi di 9 lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ará London lẹ ń gbádùn, wákàtí mẹ́fà, ẹ ti dé Èkó.

Bọ̀dá Lágere, London
Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, a sún mọ́lé jù yín lọ. Kérésìmesì tó kọjá, láti Lágere ní Ifẹ̀ ni mo ti wakọ̀ lọ jẹ iyán ní Iléṣà, kìlómítà bí 30 yẹn. Mo fi Ifẹ̀ búra, mi ò rí irú iyán yẹn jẹ nílé wa rí. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ lójú bàbá mi.

Ẹ̀gbọ́n Chicago
A ti gbọ́ ọ. A ti fi pamọ́. 😂

Ọmọ Ẹnuwá, Dublin
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ta wá!

Ọmọ Ìsọ̀kùn, Houston
Ó wọlé! Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó ti yọ wáyà yẹn kúrò. Ó fi ohùn ránṣẹ́, ẹ gbọ́ ọ fúnra yín. Ó dàbí ẹni pé ó sọ ti bátìrì, ohùn rẹ̀ ń já.
🎤 0:41

Ẹ̀gbọ́n Chicago
Ọpẹ́ lóòótọ́. Ọkàn mi balẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Tòróńtò
Ẹ dákun, kí ló ń dún gbì, gbì, gbì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn? Ṣé wúfà ni?

Bọ̀dá Lágere, London
Wúfà kọ́. Ó ń yára jù.

Ẹ̀gbọ́n Chicago
Ọmọ odó ni. Èèyàn méjì ló ń gún un, ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń pàrọ̀ ọwọ́. Iyán ni wọ́n ń gún ní Iléṣà lásìkò yìí, ẹ̀yin èèyàn.

Ìyá Ìbejì, Tòróńtò
Omi ti bọ́ lójú mi o. Ìdí ilé ìdáná màmá mi ni mo gbọ́ yẹn.

Ọmọ Ìsọ̀kùn, Houston
Ṣé ẹ gbọ́ bóyá bátìrì kan ló ní àbí méjì?

Ọmọ Ẹnuwá, Dublin
Mi ò fetí sí i, àǹtí. Odó ni mò ń gbọ́.

Ìyá Ìbejì, Tòróńtò
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un fi ránṣẹ́, tèmi ti já ní ìṣẹ́jú-àáyá 30. Mo fẹ́ kí àwọn ìbejì gbọ́ ọ kí wọ́n tó sùn.